Oyè Ọmọ Wa Kò Gbọdọ̀ Parí sí Ara Ògiri

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó máa wá sí wa lọ́kàn nígbà tí òbí bá ta àtíbàbà sí Ẹ́sítéètì Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́, tí wọ́n ń bá ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè yọ̀. Aṣọ ẹbí a pọ̀, ìlù a dún, a ó sì gbé àwòrán ọmọ náà kọ́ sí ara ògiri. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ náà kọ́?

Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981 ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa àyíká. Ẹni tí ó kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n níbẹ̀ mọ ọ̀nà tí àgbàrá yóò gbà kí òjò tó rọ̀. Ẹni tí ó kọ́ ètò ìlú mọ bí ilé ti gbọ́dọ̀ jìnnà sí odò tó. Ayàwòrán ilé mọ bí fèrèsé ṣe ń kojú fèrèsé kí atẹ́gùn lè la yàrá já. Àṣeyọrí gidi nìyí.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí àṣà wa. Àwọn baba wa fi èèwọ̀ dáàbò bo etí odò àti igbó. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí a kò gbọdọ̀ gé igi tàbí pa ẹja, ni àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005.

Ohun tí ó dùn wá ni pé baba tí ó pa màlúù nítorí oyè ọmọ rẹ̀ lè lọ ra ilẹ̀ létí odò Àlà láì bi ọmọ náà léèrè. Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀, wọn a ní, “Kí ni ọmọdé mọ̀?” Ẹ rántí Ìbàdàn. Odò Ògùnpa kún ní August 31, 1980, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Ní August 26, 2011, omi tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní ìlú kan náà.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ẹ mú ọmọ yín dé orí ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ìtẹríba sọ ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì bi àgbà léèrè ibi tí omi ń gbà kí ilé tó dé ibẹ̀. Ìgbà tí ìmọ̀ méjèèjì bá pàdé ni oyè tó wúlò.