Kí Ẹ̀rọ Tó Bẹ̀rẹ̀ sí Yí

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń gé irin pín sí. Nínú ọ̀nà kìíní, irin ló ń yí, ohun tó ń gé e dúró lójú kan: bí léètì àwọn tọ́nà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nínú ọ̀nà kejì, irin ló dúró, ohun tó ń gé e ló ń yí. Díríìlì, òkúta ìpọ́nrin àti ẹ̀rọ ọwọ́ tí àwọn wẹ́dà ń pè ní fáìlìn wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi tó mú lára ẹ̀rọ ni ewu wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tó mú lè gé ọwọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tó ń yí ló ń wé ènìyàn mọ́ra, òun náà ló sì ń ju nǹkan lu ènìyàn. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdí tí ọ̀gá fi ń pariwo lórí ẹ̀wù, lórí òrùka àti lórí irun.

Ní Apọ́ngbọ̀n, ní erékùṣù Èkó, fáìlìn ni ẹ̀rọ irin tí ojú ń rí jù. Ṣọ́ọ̀bù fara ti ṣọ́ọ̀bù, kò sí ààyè tí ènìyàn máa gbé ẹ̀rọ ńlá kalẹ̀ sí. Wẹ́dà ló ń gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá láti gé ilẹ̀kùn irin tàbí láti fi irin dí fèrèsé. Léètì ní tirẹ̀ wá pẹ̀lú rélùwéè, lódìkejì ọ̀sà. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn lọ́dún 1901. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ rélùwéè tó wà ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta di ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ iṣẹ́ irin lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Michael Imoudu, tí gbogbo ayé mọ̀ sí aṣáájú ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1945, iṣẹ́ tọ́nà ló ń kọ́ ní rélùwéè kí orúkọ rẹ̀ tó kàn.

Léètì tí ń yí ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan ni kí á fi ṣírò. Ìyẹn lé ní ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Chuck, orí ẹ̀rọ tó ń fi eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin gán irin mú, lè fẹ̀ tó mìlímítà 200, tí àyíká rẹ̀ yóò sì tó sẹ̀ǹtímítà 63. Bí etí ẹ̀wù bá kàn án, ara ènìyàn nílò bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kí ọwọ́ sì tó fà sẹ́yìn. Láàrin àkókò yẹn chuck ti yí ní ìgbà mẹ́rin, ó sì ti lè wé aṣọ tó lé ní mítà méjì àbọ̀ mọ́ra. Kò sí apá ẹ̀wù tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ bá tán, ara tó wà nínú rẹ̀ ló kù tí ẹ̀rọ yóò máa fà.

Ìdí nìyẹn tí aṣọ iṣẹ́ fi gbọdọ̀ jẹ́ alápá kúkurú, tàbí èyí tí apá rẹ̀ fún mọ́ ọrùn ọwọ́. Òrùka, ìfúnpá, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, aago àti okùn tí wọ́n ń tì bọ etí láti gbọ́ orin, gbogbo rẹ̀ ni kí ènìyàn bọ́ sílẹ̀ kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Irun gígùn àti ìborùn gbọdọ̀ wà lábẹ́ fìlà tó fún mọ́ orí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, léètì wé irun akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Yale lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní òru, ó sì pa á. Òun nìkan ló wà nínú yàrá iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó lè bá a pa iná.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ìbọ̀wọ́ dára fún gbígbé irin tó mú àti fún ìdí wẹ́dìn, ṣùgbọ́n nídìí léètì tàbí díríìlì, ó lè fa ikú. Bí ọwọ́ lásán bá kan irin tó ń yí, awọ lè bó, ó sì ṣeé ṣe kí ọwọ́ bọ́. Ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ó bọ́. Kí ẹni tó ra ìbọ̀wọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ̀wọ́ sọ fún wọn ibi tí wọn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ dé.

Lẹ́yìn aṣọ, bí irin ṣe dúró sí ẹnu ẹ̀rọ ló kàn. Irin tí chuck kò gán mú dáadáa yóò fò jáde, bí ó bá sì gùn jáde púpọ̀ láìsí ohun tó gbé ìdí rẹ̀ kejì dúró, yóò tẹ̀, yóò máa na ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Kí a fi ọwọ́ yí chuck lẹ́ẹ̀kan kí a tó tan iná, kí a rí i pé kò kọ lu ohunkóhun. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fún un wà lára ohun tó ti ṣe ènìyàn léṣe jù: bí tọ́nà bá gbàgbé rẹ̀ sínú ihò, tó sì tan ẹ̀rọ, kọ́kọ́rọ́ náà yóò fò bí ọta. Òfin àwọn àgbà iṣẹ́ lórí èyí kúrú: níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà nínú chuck, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Bí irin bá ti ń jẹ, èérún rẹ̀ yóò máa bọ́. Ti irin tí kì í tètè kán máa ń gùn, ó máa ń ká, ó ń gbóná débi pé àwọ̀ rẹ̀ á di búlúù, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Ìkọ́ irin ni wọ́n fi ń fà á, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì fi ń gbá a nígbà tí ẹ̀rọ bá ti dúró. Afẹ́fẹ́ inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yá lóòótọ́, àmọ́ ojú ẹni tó wà nítòsí ló ń fẹ́ èérún náà sí. Nígbà tí tọ́nà bá fẹ́ fi fáìlì ọwọ́ dán irin lórí léètì, ọwọ́ òsì ló yẹ kó di èèkù fáìlì mú, kí apá òsì má baà kọjá lórí chuck. Fáìlì tí kò ní èèkù kò yẹ ní ìdí ẹ̀rọ rárá. Bí chuck bá gbá orí rẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó yóò wọ inú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bébà ìdánrin ńkọ́? Ẹni tó bá wé e mọ́ ìka ti so ìka náà mọ́ ẹ̀rọ.

Díríìlì ń tan ènìyàn jẹ nítorí ó dà bí iṣẹ́ kékeré. Páànù pẹlẹbẹ tí ọwọ́ lásán dì mú ló léwu jù, nítorí bí ẹnu díríìlì bá ti fẹ́ la ìdí páànù já, ó máa ń kọ́ ọ, yóò gbé e sókè, yóò sì máa fì í yíká bí abẹ. Fáìsì ni kí wọ́n fi dì í mú. Bí irin bá gùn, kí a jẹ́ kí ó fara ti òpó ẹ̀rọ náà ní apá òsì, níbi tí ìyípo yóò ti máa tì í mọ́ òpó dípò kí ó wá bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Fáìlìn ló yẹ kí á dúró lé lórí, torí òun ló wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Èyí tó kéré, tí dísìkì rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 115, lè yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó tóbi, oní-mìlímítà 230, kì í ju bí 6,600 lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára dísìkì pé etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju mítà 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 288 ní wákàtí kan. Àṣà búburú kan wà tí ó yẹ kí ó dópin: wẹ́dà á bọ́ ìbòrí lára fáìlìn kékeré, á sì de dísìkì ńlá mọ́ ọn kí ó lè gé irin tó nípọn. Etí dísìkì ńlá lórí ẹ̀rọ kékeré yóò sáré tó mítà 132. Agbára tó ń fa dísìkì ya kì í sì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà dísìkì yẹn ń gba ohun tó lé ní ìlọ́po méjì àbọ̀ èyí tí wọ́n ṣe é fún. Bí ó bá fọ́, ọrùn àti ojú ló ń wá, ìbòrí tí ì bá sì dá a dúró ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Dísìkì náà ní ọjọ́ orí. Gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ máa ń gbó, ọ̀rinrin sì ń bà á jẹ́ kíákíá, èyí tí Èkó kò ṣàì ní. Lára òrùka irin kékeré tó wà láàrin rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tó dára máa ń tẹ oṣù àti ọdún tí kò gbọdọ̀ kọjá, tí kì í ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é. Oníbàárà tó bá ń ra dísìkì lọ́jà lè ka èyí kó tó sanwó. Dísìkì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gé irin kò ṣeé fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ irin. Òkúta ìpọ́nrin tó wà lórí tábìlì ní ìdánwò tirẹ̀: bí ìyá tó ń ra ìkòkò ṣe ń fi ìka lù ú kó lè gbọ́ bóyá ó ti sán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi èèkù igi lu òkúta náà jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó dè é. Bí ó bá dún gbọnran, ó pé. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Àlàfo tó wà láàrin òkúta àti ibi tí irin ń fara lé kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 3 lọ, kí irin má baà há síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ènìyàn dúró sí nígbà tó bá kọ́kọ́ tan án, kì í ṣe iwájú rẹ̀.

Iná tó ń ta jáde lára fáìlìn lè dé ọ̀nà mítà mélòó kan, ó sì lè wọ inú páálí tàbí ọ̀rá, kó máa jó lábẹ́lẹ̀ fún wákàtí kan kí èéfín tó yọ. Àwọn ará Apọ́ngbọ̀n mọ ohun tí iná ń ṣe láàrin ọjà tó há. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2022, iná tó jó ọjà abẹ́ afárá ba afárá Èkó fúnra rẹ̀ jẹ́ débi pé ìjọba ní láti dí ọ̀nà náà. Kí wẹ́dà tó gé irin ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ọjà kúrò nítòsí, kí omi tàbí yẹ̀pẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹnìkan sì dúró ṣọ́ ibẹ̀ fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí.

Ohun kan wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sọ púpọ̀, tó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ níbí: iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá mú iná nígbà tí irin wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó kọ́kọ́ yẹ ni kí wọ́n pa súwíìṣì, kí wọ́n sì yọ irinṣẹ́ kúrò lára irin. Ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, tó wá na ọwọ́ sínú chuck láti wo iṣẹ́, iná lè dé bá ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, kí igbe “Up NEPA” tó tán lẹ́nu àwọn ọmọdé. Súwíìṣì kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dédé gbéra nígbà tí iná bá padà dé, àfi bí ènìyàn bá tún tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ léètì tòkunbọ̀ kò ní in mọ́ nígbà tí wọ́n bá fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Owó tó bá ná ènìyàn láti fi í sí i kò lè tó owó ìka kan.

Ewu kejì fara sin ju èyí lọ. Léètì ńlá ń lo wáyà iná mẹ́ta. Bí wọ́n bá tún nǹkan ṣe lórí òpó, tàbí tí wọ́n tún jẹnẹrétọ̀ so, tí méjì nínú wáyà náà sì pààrọ̀ ipò, mọ́tò yóò máa yí sẹ́yìn. Chuck ọ̀pọ̀ léètì àtijọ́ sì jẹ́ èyí tí wọ́n dè mọ́ ọ̀pá bí ìdérí ìgò. Bí ó bá yí sẹ́yìn, ó lè tú, kó sì já bọ́ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe iná èyíkéyìí, kí wọ́n tan ẹ̀rọ díẹ̀ láìfi irin sí i, kí wọ́n wo ibi tó ń yí sí.

Ìkíni náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò lè bá ẹnìkan lẹ́nu iṣẹ́ kó má sọ pé “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ẹni tí wọ́n kí kò sì lè dákẹ́. Bí àgbà bá wọlé, ọmọ iṣẹ́ fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ní ìdí ẹ̀rọ tó ń yí, àsìkò ìkíni kò tíì tó. Kí àlejò dúró níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè rí i, kó má fọwọ́ kàn án léjìká láti ẹ̀yìn, kí ọmọ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ, kó dúró títí tí yóò fi dákẹ́, kó tó yíjú padà kí “Ẹ káàbọ̀, sà.” Ọ̀gá ló gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé èyí kì í ṣe àìmọ̀wàáhù, kó sì sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà pẹ̀lú. Bákan náà, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ nìkan ló ń tan án tó ń pa á. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bọ Ògún lọ́dọọdún, tí wọ́n ń pa gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń fọ̀ wọ́n, ọjọ́ yẹn dára púpọ̀ láti yẹ bóòtì, bẹ́líìtì àti wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òfin Nàìjíríà náà sọ̀rọ̀ níbí. Factories Act ti ọdún 1987 pàṣẹ pé kí wọ́n bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó lè pa á lára àfi bí wọ́n bá ti kọ́ ọ ní ewu tó wà níbẹ̀, tó sì ti kọ́ṣẹ́ dé ìwọ̀n tó tọ́, tàbí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì í. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni gbólóhùn yẹn bá wí jù. Ọ̀gá tó bá fi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí léètì, tó sì lọ jẹun, ti ṣẹ̀ sí ọmọ náà.

Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì. Èérún tó bá wọ ojú, kí ẹnikẹ́ni má fi ìṣáná tàbí etí áńkáṣíìfù yọ ọ́. Láàrin wákàtí díẹ̀ ni irin ti ń dógùn-ún sínú ẹyinjú, dókítà ojú ló sì lè yọ ọ́ láìdá ojú lápàá. Gíláàsì ààbò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú ni kì í jẹ́ kó wọlé rárá. Bí ìka bá gé, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ pinpin, kí wọ́n gbé ọwọ́ náà sókè. Ìka tó gé ni kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì gbé ọ̀rá náà sínú omi oníyìnyín. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ìka náà gan-an. Láti Apọ́ngbọ̀n, afárá Èkó àti ojú ọ̀nà Ìkòròdú ló lọ sí ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìgbóbì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ológun tó fara pa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ìtọ́jú, Employees’ Compensation Act ti ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ Nigeria Social Insurance Trust Fund. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi ìjàǹbá náà tó ọ̀gá rẹ̀ létí, ọ̀gá sì ní ọjọ́ 7 láti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àjọ náà.