Bí Nọ́ọ̀sì Ṣe Ń Gbèjà Aláìsàn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀kadà gbé aboyún kan láti abúlé kan ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí wá sí ilé ìwòsàn kan ní Ìlaró lóru. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Owó ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹni tó wà nídìí owó sì ní àfi kí wọ́n san dípọ́síìtì. Dókítà ṣì wà lọ́nà. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ka 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000, ó lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, wọ́n sì lè fi méjèèjì jẹ ẹ́ níyà. Kì í ṣe àánú ni nọ́ọ̀sì náà ń tọrọ lọ́wọ́ ẹni ìdí owó. Òfin ló ń rán an létí. Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ owó, kò gbọdọ̀ káwọ́ lẹ́rán. Yóò wo ìfúnpá, yóò wo bí ẹ̀jẹ̀ tó jáde ṣe pọ̀ tó, yóò fa omi sí i lára, yóò tún pe dókítà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dókítà ni ọ̀gá tó gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́. Rárá o. Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà ló fún un ní láísẹ́ǹsì, orúkọ tirẹ̀ ló sì wà lórí rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ tó gún bá ṣe aláìsàn léṣe, "Dókítà ló ní kí n gún un" nìkan kò lè gbà á sílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń bi ara rẹ̀ léèrè kó tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn: ṣé aláìsàn yìí gan-an ni, ṣé oògùn yìí ni, ṣé ìwọ̀n rẹ̀ rèé, ṣé ẹnu ni àbí iṣan, ṣé àsìkò ti tó? Bí ọ̀kan bá rú u lójú, dandan ni kó béèrè.

Bíbéèrè yẹn ló wá le nílẹ̀ wa, níbi tí ọmọdé kì í ti í já àgbà ní koro. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ kò ní í dojú kọ dókítà tó tó bàbá rẹ̀ kó ní "Ẹ ti ṣì í." Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń sọ ọ́ báyìí: "Ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ìwọ̀n oògùn yìí wò. Màmá yìí ní irú abẹ́rẹ́ yìí bá àwọn jà lọ́jọ́sí." Ọ̀wọ̀ kò yingin, òótọ́ kò sì fara pamọ́. Dókítà tó gbọ́n yóò dúpẹ́. Bó bá wá ní "Ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe" ńkọ́, ìgbọràn parí síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò sọ ọ́ gbangba pé òun kò ní í gún un, yóò ránṣẹ́ sí olórí wọ́ọ̀dù. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà, kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà.

Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ inú fáìlì. "Mo ti sọ fún dókítà" kò tó. Aago mélòó ni? Kí lo rí? Kí ni wọ́n fèsì? Níwájú ìgbìmọ̀, iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe.

Ní ẹ̀bá ààlà tiwa yìí, èdè tún jẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Láti Ìlaró dé Ayétòrò, ará Yewa, ará Kétu, Ògù, Fúlàní darandaran àtàwọn tó ti Benin wá ló ń pàdé ní wọ́ọ̀dù kan náà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ ìwé tí aláìsàn ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀ka 23 nínú Òfin Ìlera yẹn ní kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tó gbọ́, lọ́nà tó bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu. Ẹni tó tẹ àtàǹpàkò síwèé tí kò yé e kò tíì gbà fún nǹkan kan, lójú tèmi.

Ìmọ̀ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjá ọgbà ilé ìwòsàn. Kókó tí kì í dunni ni egbò Buruli sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn a sì fojú fò ó títí awọ yóò fi jẹrà. Oògùn ọ̀sẹ̀ 8 ló ń wò ó, ọ̀pọ̀ aláìsàn láti Ìpínlẹ̀ Ògùn ló sì ti rékọjá sí Pobè ní Benin lọ gbàtọ́jú. Nọ́ọ̀sì tó rí irú kókó bẹ́ẹ̀ lápá ọmọ tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ láì yẹ̀ ẹ́ wò, ti gbèjà ọmọ náà.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbèjà aláìsàn báyìí kò lè dá dúró láìsí olórí tó tì í lẹ́yìn. Bí ọmọdé nọ́ọ̀sì bá sọ òótọ́, tí métírọ́nì wá fi iṣẹ́ òru jẹ ẹ́ níyà, àwọn yòókù yóò panu mọ́. Kofoworola Abẹ́ní Pratt, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di métírọ́nì ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, fi hàn pé nọ́ọ̀sì lè jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu. Nígbà tí ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní 30 Oṣù Keje 2025, kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n béèrè. Wọ́n ní kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì sí i. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tó ń dá wọ́ọ̀dù kan tọ́jú lóru kò ráyè gbèjà ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé aláìsàn lọ, ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì lásìkò yẹn, ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ oògùn tó ti bá èèyàn yín jà rí fún un. Ẹ sọ gbogbo àgbo tó ti mu nílé pẹ̀lú, kódà bí ẹ bá rò pé yóò bínú.