Ṣé O Mọ̀? Ọwọ́ Ìyá Rẹ̀ Ni Almodóvar Ti Kọ́ Ìtàn Sísọ

Ṣé o mọ̀ pé Pedro Almodóvar, adarí fíìmù ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó gba Oscar lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù? Ìlú kékeré tó ń jẹ́ Calzada de Calatrava ni wọ́n ti bí i ní 1949. Ó wá sí Madrid láti kọ́ṣẹ́ fíìmù, àfi bí ìjọba Franco, tó ń ṣàkóso Sípéènì nígbà náà, ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ibẹ̀ pa. Ló bá wọṣẹ́ akọ̀wé ní Telefónica, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ó sì lo bí ọdún 12 níbẹ̀. Owó ibẹ̀ ló fi ra kámẹ́rà Super-8.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn fíìmù kéékèèké tó kọ́kọ́ yà kò ní ohùn? Bí àwòrán bá ti ń lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró níbẹ̀, tí yóò máa fọhùn fún tọkùnrin tobìnrin inú eré.

Ilé ló ti kọ́ irú ẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 8, àwọn aládùúgbò tí kò mọ̀wé a máa gbé lẹ́tà wá bá ìyá rẹ̀, Francisca Caballero, kó bá wọn kà á. Pedro ni í kọ èsì. Lọ́jọ́ kan tó yọjú wo lẹ́tà kan, ó rí i pé ìyá òun ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀: ó ní ẹni tó kọ̀wé ń ṣàárò ìyá àgbà gidigidi. Ọmọ bi í léèrè. Ìyá ní ṣé kò rí bí inú obìnrin tó gbé lẹ́tà wá ṣe dùn ni. Lójú tèmi, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó lè kọ́ ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá yìí náà ló ka ìròyìn tẹlifíṣọ̀n nínú fíìmù Pedro ti 1988, Mujeres al borde de un ataque de nervios. Ní 1999, fíìmù rẹ̀ mìíràn, Todo sobre mi madre, gba àmì-ẹ̀yẹ adarí tó dára jù fún un ní àjọ̀dún fíìmù Cannes. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ìyá kú. Oscar fíìmù ọ̀hún dé ní oṣù Kẹta 2000, kò bá a láyé.

Ṣé o mọ̀ pé Sípéènì kò fa fíìmù rẹ̀ Hable con ella kalẹ̀ fún Oscar? Fíìmù mìíràn ni wọ́n yàn. Síbẹ̀, ní 2003, àwọn ará Hollywood fún Almodóvar ní Oscar ẹni tó kọ ìtàn fíìmù dára jù, nítorí Hable con ella yìí kan náà. Ó lé ní 70 ọdún kó tó ṣe fíìmù gígùn àkọ́kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, The Room Next Door, òun náà ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà ní àjọ̀dún fíìmù Venice ní 2024.