Àrùn Johne Nínú Agbo Màlúù Oníwàrà

Àrùn kan ń bẹ tí í pa màlúù díẹ̀díẹ̀. Ẹran náà a máa jẹun dáadáa, ibà kò sì mú un, síbẹ̀ a máa rù. Ìgbẹ́ rẹ̀ a máa ṣàn bí omi, wàrà rẹ̀ a sì máa dínkù, títí egungun rẹ̀ yóò fi hàn lábẹ́ awọ. Ní ọdún 1895 ni Johne, ará Jámánì, àti Frothingham, ará Amẹ́ríkà, yẹ ìfun irú màlúù bẹ́ẹ̀ wò ní ìlú Dresden, wọ́n sì rí kòkòrò tí ó jọ ti ikọ́ ife nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jẹ ni pé màlúù tí ń rù lónìí kò kó àrùn náà lánàá. Ní kékeré ni ó ti kó o, nípa ìgbẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ọmú ìyá rẹ̀, tàbí nínú wàrà fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn láti inú oyún pàápàá. Àrùn náà a máa farapamọ́ fún ọdún 2 sí 5, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni màlúù náà lè ti máa fi ìgbẹ́ rẹ̀ tú kòkòrò ká kí ẹnikẹ́ni tó fura. Kò sí oògùn tí ń wò ó sàn. Nítorí náà, ibi tí a ti ń bí ọmọ ni a ti ń bá a jà.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn gbé le fún àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń sin màlúù ní ọ̀nà ọ́gáníìkì, èyíinì ni àwọn tí kì í lo ajílẹ̀ àtọwọ́dá. Òfin wọn pàṣẹ pé kí ọmọ màlúù mu ojúlówó wàrà fún 90 ọjọ́. Àgbẹ̀ mìíràn lè po ìyẹ̀fun tí a fi ń dípò wàrà fún ọmọ. Àwọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò burú, ṣùgbọ́n ó di dandan kí àgbẹ̀ mọ wàrà màlúù tí ọmọ ń mu.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ fi ń yẹ wàrà màlúù kọ̀ọ̀kan wò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan a máa fo aláìsàn. Èyí tí a bá fura sí, wọn a fi àmì pupa sí i létí. Yóò bímọ ní ibi ọ̀tọ̀. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ mu wàrà rẹ̀. Akọ màlúù ẹlẹ́ran ni a ó sì fi gùn ún, kí a má bàa fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò nínú agbo. Èyí tí ó bá ti ń rù, kí a má ṣe tà á fún ẹlòmíràn láti sìn, nítorí nípa ríra ẹran ni àrùn yìí fi ń wọ ọ̀pọ̀ agbo.

Wàrà àkọ́fún ni kí a ṣọ́ jù. Kí a má ṣe da ti màlúù púpọ̀ pọ̀ sínú korobá kan, nítorí aláìsàn kan ṣoṣo lè ba ti gbogbo wọn jẹ́. Bí a bá fẹ́ fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀, ìwọ̀n ooru 60 fún wákàtí kan ni. Bí ó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, yóò dì, agbára tí ó fi ń dáàbò bo ọmọ yóò sì bàjẹ́. Ìgbóná yìí ń dín kòkòrò náà kù gidigidi, ṣùgbọ́n kò sọ wàrà aláìsàn di wàrà tí ó yẹ fún ọmọ.

Àgbẹ̀ ọ́gáníìkì a máa ka ìgbẹ́ ẹran sí ọrọ̀, ó sì tọ́. Àmọ́ kí a má ṣe da á sí pápá tí àwọn ọmọ ń jẹ, nítorí kòkòrò náà lè wà láàyè nínú ilẹ̀ àti omi fún ọdún kan. Kí wọn má sì mu omi adágún tí àwọn àgbà ń tẹ̀.

Ọmọ tí a bí lọ́dún yìí, ó di ọdún mélòó kan kí àyẹ̀wò tó sọ bóyá ó bọ́. Nítorí náà, kí a kọ ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan àti màlúù tí ó mu wàrà rẹ̀ sínú ìwé ní ọjọ́ tí a bí i.