Iṣu Gbígbìn fún Ẹni tí Kò Gbìn Ín Rí: Bí A Ṣe Ń Fi Igi àti Okùn Gbé Ìtàkùn Rẹ̀ Sókè

Ní Ìjan-Èkìtì, ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó gba Adó-Èkìtì lọ sí Ìkàrẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì, ẹni tí kò bá tíì jẹ iyán kò gbà pé òun ti jẹun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń jẹ iyán ni ó mọ bí a ti ń gbin iṣu. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ni ó ti di olùkọ́, akọ̀wé tàbí oníṣòwò, tí ó jẹ́ pé ọjà ni wọ́n ti ń ra iṣu. Bí irú wọn bá fẹ́ fi ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé dá oko, wọn a kọ ebè, wọn a gbin èbù, ṣùgbọ́n wọn a gbàgbé ìtàkùn. Àdánù ńlá ni èyí, nítorí èbù wọ́n. Èbù tí ó bá sì ṣòfò jẹ́ iṣu tí a kò jẹ, tí a kò sì tà.

ÌDÍ TÍ ÌTÀKÙN FI GBỌ́DỌ̀ GÒKÈ

Iṣu kò ní igi líle tí ó lè gbé e nàró. Ewé rẹ̀ ni ó ń gba oòrùn, oúnjẹ tí ewé bá sì ṣe ni ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ mú iṣu tóbi nínú ebè. Bí ìtàkùn bá ń wọ́ nílẹ̀, ewé kan a bo èkejì mọ́lẹ̀, erùpẹ̀ a ta sí wọn lára, àrùn tí ó ń sọ ewé di dúdú bí ẹni pé iná jó o a sì tètè ràn ká. Ní ìhà àríwá, níbi tí òjò kò ti pọ̀, àwọn àgbẹ̀ mìíràn a máa gbin iṣu láìfi igi sí i. Ní ilẹ̀ olójò bíi Èkìtì, ẹni tí kò bá fi igi sí iṣu yóò rí i pé iṣu rẹ̀ kéré.

Àwọn ará òkèèrè náà mọ irú iṣẹ́ yìí. Ní Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní Hallertau ní ilẹ̀ Jámánì, a máa ń gbin ewéko kan tí a ń pè ní hops, èyí tí òdòdó rẹ̀ ń fún bíà ní ìkorò. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ a ri òpó gíga, wọn a ta wáyà sórí rẹ̀, wọn a sì so okùn wálẹ̀ fún ìtàkùn láti gùn. Hops kò bá ilẹ̀ wa mu, nítorí ó ń fẹ́ ọ̀sán gígùn kí ó tó lè tanná dáradára, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sán tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 lọ yípo ọdún. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n okùn yìí wúlò fún iṣu.

ÈBÙ ÀTI EBÈ

Àwọn àgbẹ̀ kan a máa gbin iṣu láti oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò bá ń lọ. Ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti dúró de òjò àkọ́rọ̀, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin. Kí ó yan èbù tí kò rà. Kí ó gé e ní ìwọ̀n gíráàmù 250 sí 500, kí èkìrí kọ̀ọ̀kan sì ní èèpo, nítorí ara èèpo ni iṣu ti ń hù. Èyí tí a gé ní orí iṣu a máa tètè hù ju ti àárín àti ti ìdí lọ. Kí a fi eérú pa ojú ibi tí a gé, kí a sì tẹ́ ẹ sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Kí ebè kan jìnnà sí èkejì ní mítà kan. Lẹ́yìn gbígbìn, kí a fi koríko gbígbẹ dé orí ebè, kí oòrùn má baà se èbù nínú ilẹ̀.

IGI TÀBÍ OKÙN?

Ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, yóò gba ebè bíi 100. Bí ebè kọ̀ọ̀kan bá ní igi tirẹ̀, igi 100 nìyẹn. Lórí hẹ́kítà kan, ó di 10,000. Láyé àtijọ́ igbó wà nítòsí, igi kò sì ṣòro. Lónìí igbó ti ń jìnnà sí ilé. Ọparun dára, akòko àti àgúnmánìyẹ̀ tí a bá ri mọ́lẹ̀ a sì máa hù, bí a bá ń gé ẹ̀ka wọn kí wọn má ṣíji bo iṣu.

Okùn ni ó ń dín igi kù jù. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn olùwádìí ti gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú láti lò ó. Fún ọ̀wọ́ ebè 10, òpó 4 tó, ní mítà mẹ́ta mẹ́ta sí ara wọn. Nípa báyìí, òpó 40 ni yóò ṣe iṣẹ́ igi 100. Kí òpó gùn ní mítà méjì àbọ̀, kí ìdajì mítà wọlẹ̀. Kí a fi igi mìíràn ti òpó ìparí méjèèjì lẹ́yìn, nítorí ewé tí òjò bá rin a máa wúwo, afẹ́fẹ́ a sì lè fà á lulẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a ta wáyà tàbí okùn líle sórí àwọn òpó náà. Kí a kan èèkàn kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ebè, kì í ṣe sí àárín rẹ̀, kí ó má baà gún iṣu, kí a sì so okùn tín-ín-rín láti ara èèkàn dé òkè.

Kí gbogbo èyí ti parí kí ìtàkùn tó bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ mọ́ ara wọn. Ìtàkùn iṣu funfun àti ti ewùrà a máa lọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún; ti èsúrú a máa lọ́ sí ọwọ́ òsì. Kí a tọ́ ọ sí ọ̀nà tí ó ń lọ, nítorí èyí tí a bá lọ́ lódì yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

ÌTỌ́JÚ ÀTI ÌKÓRÈ

Kí a ro oko náà tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́. Kí a máa wo ìdí òpó nítorí ikán, kí a sì ṣọ́ òkété àti ọ̀yà. Ní bíi oṣù méje sí mẹ́sàn-án, ewé yóò pọ́n, yóò sì gbẹ: ìgbà náà ni ó tó láti wà á. Kí a ya èyí tí ó kéré, tí kò ní egbò, sọ́tọ̀ fún èbù ọdún tí ń bọ̀. Àwọn olùwádìí Umudike tilẹ̀ ti fi hàn láti bíi ọdún 1980 síwájú pé èkìrí iṣu tí kò ju gíráàmù 25 lọ lè di odidi iṣu tí a ó fi ṣe èbù.

Nàìjíríà ni ó ń pèsè bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣu ayé, síbẹ̀ iṣu kò pọ̀ dé ibi tí ó fi rọrùn fún gbogbo ilé láti rà. Kí ẹni tí kò gbin iṣu rí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ́ kan, ebè 10 àti òpó 4. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fi ọwọ́ bò ó jẹ. Ṣùgbọ́n kí iṣu tó lè ta nínú ilẹ̀, ewé rẹ̀ ní láti rí oòrùn.