Ẹja kékeré yìí kì í ṣe agbálẹ̀ o: bí a ṣe ń bọ́ àrọ̀ tíńtín inú táńkì, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti ń sin ẹja sínú gíláàsì báyìí, kódà ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo. Ó dáa, ó ń tuni lójú. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí èèyàn bá ní àrọ̀ lòun fẹ́, tó wá lọ ra ọmọ àrọ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ẹja fún títà, torí pé owó rẹ̀ ò ju pọ́ọ́kú lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mẹ́rin á di méjì, méjì á di ẹyọ kan. Kò sí olè níbẹ̀. Èyí tó yára dàgbà ló ń gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mì. Tí ẹyọ kan tó kù yẹn bá sì ráyè, ó lè gùn ju mítà kan lọ. Ẹja ọbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹja orí tábìlì.

Ẹbí àrọ̀ tó yẹ orí tábìlì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Corydoras pygmaeus. Odò Madeira ní Brazil, tó ń ṣàn wọ inú odò Amazon, ni ilé rẹ̀. Bó ṣe kéré tó nìyí: tó bá dàgbà tán, kò ju nǹkan bíi séńtímítà 2.5 lọ. Ó ní irun ẹnu bíi ti àrọ̀ tiwa, ìlà dúdú kan sì fa láti imú rẹ̀ dé ìdí ìrù. Àwọn ẹbí rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ máa ń wà nísàlẹ̀ omi ṣáá, àmọ́ òun máa ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín omi pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹja ẹlẹ́gbẹ́ ni. Tí ẹ bá ra méjì, ẹ̀rù ni wọ́n á máa bà, wọ́n á sá pamọ́, wọn ò ní jẹun. Mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ló yẹ, nínú táńkì tó gba omi lítà 40 ó kéré tán.

Ẹ jẹ́ ká wá dórí oúnjẹ. Àwọn tó ń ta ẹja kan máa ń sọ pé ẹja yìí ń gbálẹ̀ táńkì, pé ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ àwọn ẹja yòókù ló ń jẹ, ẹ má ṣèyọnu. Irọ́ ni! Kò sí ẹja tó ń fi ìgbẹ́ yó. Ebi ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn kú, torí pé àwọn ẹja tó tóbi ti gbá gbogbo oúnjẹ jẹ lójú omi kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí ẹ bá rí i pé ikùn ẹja náà wọnú, ebi nìyẹn.

Ẹnu rẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà ohun tó bá kúnná bíi ìyẹ̀fun ló lè gbé mì. Ẹ fi ìka méjì lọ oúnjẹ ẹja tó rí pẹlẹbẹ yẹn dáadáa, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi kó lè rì. Oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí àwọn olóko ẹja ń fún ọmọ àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa náà wúlò, torí amáradàgbà pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ fi díẹ̀díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ẹlẹ́mìí dá wọn lọ́lá, tanwíjí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tó ṣì kéré, dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹja máa sin ẹ̀fọn sínú ilé, ibà ò mọ ẹni tó ní táńkì. Búrẹ́dì àti gàrí? Rárá o.

Fún ẹja mẹ́wàá, ìwọ̀n tí orí èékánná ọmọńdinrín lè gbà ti tó, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀, ẹ fà á jáde. Oúnjẹ tó bá rà nínú omi á di amóníà, amóníà sì ni májèlé tí ojú ò rí. Àwọn bakitéríà kan tó ń gbé inú fílítà ló máa ń sọ ọ́ di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, wọ́n sì máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ ra táńkì àti ẹja lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ fọ fílítà, omi inú táńkì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, torí kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ lè pa bakitéríà yẹn, á sì pa ẹja. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi.

Iyanrìn tó kúnná ni kí ẹ tẹ́ sísàlẹ̀. Òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó máa ń gé irun ẹnu wọn, irun yẹn ni wọ́n sì fi ń wá oúnjẹ. Ẹ má kó ti etíkun o, iyọ̀ àti ìkarahun wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá rí i tí ọ̀kan sáré gòkè, tó gbá afẹ́fẹ́ mì, tó sáré padà, ẹ má páyà. Ìfun rẹ̀ lè fa ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Àmọ́ tí gbogbo wọn bá ń ṣe é léraléra, omi ti bàjẹ́ tàbí ó ti gbóná jù. Ìwọ̀n ooru 22 sí 26 ló bá wọn lára mu, yàrá Èkó lọ́sàn-án sì lè ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ gbé táńkì kúrò lójú fèrèsé, kí ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀, kí fáànù máa fẹ́ sójú omi.

Tí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́? Ẹ má fún wọn lóúnjẹ títí iná á fi dé. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ṣe pàtàkì ju iná aláràbarà inú táńkì lọ. Tí kò bá sí, ẹ fi ife bu omi táńkì, kí ẹ máa dà á padà láti òkè, ní ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí fílítà oníke tó ní ìdérí bá sì ti wà láìṣiṣẹ́ fún odidi ọjọ́ kan, ẹ da omi inú rẹ̀ nù kí ẹ tó tàn án padà.