Níbo Ni Ooru Inú Fíríìjì Ń Lọ?

Ní òru ọjọ́ kan tí ooru mú gidigidi, tí fáànù wa sì ti bàjẹ́, mo ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ gbayawu, mo tẹ́ ẹní síwájú rẹ̀, mo sì sùn. Mo rò pé òtútù inú rẹ̀ yóò kún yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, òógùn ti bò mí, ẹran tí a fi owó oṣù rà ti ń rùn, yàrá sì gbóná ju bí ó ti wà kí n tó sùn lọ.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé fíríìjì kì í pèsè òtútù. Ooru ni ó ń kó. Ó ń gba ooru lára oúnjẹ, ó sì ń dà á síta láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan ibẹ̀ rí yóò gbà mí gbọ́. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, ooru yàrá ni ó ń bù níwájú, inú yàrá kan náà ni ó sì ń dà á sí lẹ́yìn. Iná mọ̀nàmọ́ná tí ó ń jẹ pàápàá, ooru ni ó ń dà níkẹyìn. Àlékún yẹn ni ó mú mi làágùn.

Agbára kì í ṣègbé, ìrísí rẹ̀ ni ó ń yí padà. Láàárín ọdún 1840 sí 1850, James Joule, ọmọ apọntí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi okùn so irin wíwúwo kọ́, bí irin náà ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ó ń yí àjẹ̀ kéékèèké nínú omi. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, Joule sì wọn ìwọ̀n ooru rẹ̀.

Kí ló dé, nígbà náà, tí ẹ̀kọ gbígbóná tí ó ti tutù lórí tábìlì kì í tún fúnra rẹ̀ gbóná? Ooru rẹ̀ kò sọnù, ó ti fọ́n ká sínú afẹ́fẹ́ ni. Òṣùwọ̀n ìfọ́nká yìí ni Rudolf Clausius, ará Jámánì, sọ ní entropy ní ọdún 1865. Ooru tí ó ti fọ́n ká kì í kó ara rẹ̀ jọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó o jọ gbọ́dọ̀ ná agbára mìíràn. Ìdí nìyẹn tí fíríìjì fi ń béèrè iná.

Àwọn ìyá wa kò ná kọ́bọ̀ lórí iná kí omi amù tó tutù. Amọ̀ ní ihò wínníwínní. Omi ń sun jáde láti inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n omi kì í gbẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní láti gba ooru, ara amù àti omi inú rẹ̀ ni ó sì ti ń gbà á. Ooru tí lítà omi kan ń gbà kí ó tó gbẹ tán ju ìlọ́po márùn-ún èyí tí yóò gbé e láti títutù bíi yìnyín dé híhó lọ.

Olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, lo ọgbọ́n yìí. Ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó fi iyanrìn tí a fi omi rin dí àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Ikàn tí ó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000.

Ẹ má tíì sáré lọ ra ìkòkò o! Afẹ́fẹ́ Jigawa gbẹ. Ní Èkó lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò sì ní àyè fún púpọ̀ sí i. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ dán an wò, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ní tèmi, mo ti fa fíríìjì wa kúrò lára ògiri kí ooru ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Mo sì ti tún fáànù ṣe.